Obìnrin Tó Kú Lẹ́ẹ̀meje Nínú Kọ̀ǹpútà Wa

Òórùn yíǹkì ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn lórí àtẹ̀gùn ilé náà. Bí o bá gòkè díẹ̀ sí i, wàá gbóòórùn ọ̀rá gbígbóná tí a fi ń bo ìwé. Bó bá wá jẹ́ ìgbà òjò, afẹ́fẹ́ á gbé òórùn tòmátì tó ti rà wá láti ọ̀nà ọjà Mile 12, yóò dà pọ̀ mọ́ ti yíǹkì títí wàá fi rò pé òórùn kan ṣoṣo ni. Àjà kejì la wà, ní òpópónà kan tó yà sẹ́yìn Ìkòsì ní Kétu, lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta páìpù omi. Iṣẹ́ òkú là ń ṣe. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fáwọn èèyàn, ọwọ́ mi ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò, bí ẹni pé erùpẹ̀ sàréè wà lábẹ́ èékánná mi. Ìwé la kàn ń tẹ̀: pósítà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri, ìwé ètò ìsìnkú, fọ́tò ńlá tí wọ́n ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, káléńdà ìrántí. Èmi ni mo ń tọ́jú àwọn àwòrán náà. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jókòó láàárín ojú àwọn tó ti lọ, mo sì lè sọ fún ọ pé wọn kì í dẹ́rù bani. Ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín. Nígbà tí wọ́n ya fọ́tò ọ̀hún, ọjọ́ ìgbéyàwó ẹnì kan ni, tàbí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Kò sẹ́ni tó ya fọ́tò nítorí ikú.

Ọ̀gá wa àgbà, ẹni tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, ti fẹ̀yìn tì nígbà tí mò ń sọ yìí. Apá Ọ̀yọ́ ló ti wá, iṣẹ́ fọ́tò ló sì ń ṣe kó tó di atẹ̀wé. Àìsàn kan ti mú apá òsì rẹ̀, ó wá ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Magodo. Ọmọ yẹn ló ń darí wa. Èmi àti ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n Aunty ni mo ń pè é, torí pé ọmọ Ọ̀gá ni, àti pé ojú rẹ̀ kì í ṣe ojú tí èèyàn kàn ń pè lórúkọ.

Ọkùnrin kan ló fa gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Láti Ìṣẹ́rí Olówóòrá ló ti wá, ó fẹ́ ṣe ìrántí bàbá rẹ̀. Fóònù tí fọ́tò bàbá náà wà nínú rẹ̀ ti sọnù, èyí tó gbé kọ́ ògiri sì ti bá ìkún omi lọ. Ó ní kò sí wàhálà, ó mọ̀ pé ọ̀kan wà lọ́dọ̀ wa. Mo ki háàdì dííkì tí a kó àwòrán ọdún ìsìnkú bàbá náà sí bọ kọ̀ǹpútà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ́, kẹ́, kẹ́, bí ẹni tó ń fi èékánná kan gíláàsì, ó sì dákẹ́. A gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe. Wọ́n ní ó ti kú. Nígbà tí mo sọ fún ọkùnrin náà, kò bínú. Ó kàn jókòó sórí àga, ó ní, “Sister, mi ò rántí ojú wọn dáadáa mọ́. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ ń bá mi rántí ẹ̀ ni.” Ó dìde, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Aunty gbọ́, ó pè mí. “Wá ibi tí a óò máa kó wọn sí,” ó ní, “tí kò ní kú kí àwa tó kú. Má wá èyí tó lẹ́wà o. Èyí tó máa pẹ́ ni kó o wá.”

Bí mo ṣe di ẹni tó ń wá ilé ayérayé fún àwòrán nìyẹn. Oríṣiríṣi sọ́fúwíà ló wà tí wọ́n ń pè ní ibi ìtọ́jú àwòrán, gbogbo àwọn tó ń tà wọ́n ló sì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Wọ́n á fi bí nǹkan ṣe ń wọlé hàn ọ́: o kàn fà á, o jù ú síbẹ̀, ó ti parí. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ìbéèrè bí nǹkan ṣe ń jáde ló yẹ kí n máa bi wọ́n. Bí ẹ bá kógbá sílé lọ́la, báwo la ṣe máa kó ẹrù wa? Àwòrán nìkan la máa rí kó ni, àbí orúkọ olóògbé, ọjọ́, àti ẹbí tó gbé e wá máa bá a jáde? Nítorí àwòrán tí kò ní orúkọ, ojú lásán ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ìbéèrè yẹn lé lọ. Méjì ló kù nígbẹ̀yìn. Èkíní wá láti òkè òkun, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń gbé, ó dùn ún wò, ó sì lè dá ojú èèyàn mọ̀ fúnra rẹ̀, kó kó àwòrán ẹnì kan jọ láti inú ẹgbẹ̀rún. Èkejì burẹ́wà bíi fọ́ọ̀mù ìjọba. Lórí kọ̀ǹpútà tiwa ló máa wà, a ó ní ẹ̀dà rẹ̀ kan ní Magodo, àti òmíràn níbi tó jìnnà sí omi. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tí o bá kọ nípa àwòrán, inú àwòrán náà gan-an ló ń kọ ọ́ sí, ní lẹ́tà lásán tí kọ̀ǹpútà yòówù lè kà. Bí àwọn tó ṣe é tilẹ̀ parẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ ò ní bá wọn lọ.

Ká sọ òótọ́, èkíní ló wù mí. Mo kó àwòrán ọdún bíi mélòó kan sí i láti fi dán an wò.

Ọ̀sán ọyẹ́ kan ni. Oòrùn pọ́n bí pupa ẹyin adìẹ, eruku bo fèrèsé, iná sì ti lọ. Bátìrì ńlá wa nìkan ló gbé kọ̀ǹpútà dúró, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dákẹ́ gbogbo rẹ̀. Sọ́fúwíà náà ti fi gbogbo òru to ojú jọ. Mo ń wò ó lọ: àlùfáà kan tó fara hàn ní ìsìnkú mẹ́ta, ìyẹn yé mi, òun ló sin wọ́n. Àwọn ìbejì. Lẹ́yìn náà ni mo kan obìnrin kan. Nísàlẹ̀ ojú rẹ̀, ó kọ ọ́ pé ẹnì kan ni, ìsìnkú méje. Mo rò pé ẹbí ni, pé ó wá síbi òkú àwọn èèyàn rẹ̀ ni. Mo tẹ̀ ẹ́. Pósítà méje ló ṣí síwájú mi, òun sì ni olóògbé nínú méjèèje.

Orúkọ méje ni. Ìlú méje. Wọ́n ní ó kú ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ní ó kú ní Ìkòròdú, wọ́n sọ ọ́ di ìyá ìjọ nínú ọ̀kan, wọ́n sọ ọ́ di Alhaja nínú èkejì. Gèlè yàtọ̀ sí gèlè. Nínú ọ̀kan ó kọ pélé, nínú òmíràn ojú rẹ̀ ń dán láìní ilà kankan. Ṣùgbọ́n ojú kan náà ni: ìpéǹpéjú òsì tó wálẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn, àti àpá kékeré kan lágbọ̀n, tó rí bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ fa ìlà lára iṣu. Lókè gbogbo wọn ni sọ́fúwíà náà kọ ìbéèrè sí: ṣé ẹnì kan náà nìyí? Bí mo bá tẹ bẹ́ẹ̀ ni, yóò so wọ́n pọ̀, yóò sì fi orúkọ kan ṣoṣo bo méjèèje.

N kò mọ ìgbà tí mo pariwo. Obìnrin tó ń bá wa ká ìwé ètò, tó sì ń dì wọ́n, ló sáré wá. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ó jù mí lọ dáadáa, Mummy la ń pè é. Ó tẹjú mọ́ ọn, ó wo èkíní dé ìkeje, ó sì fi ìborí rẹ̀ bo ẹnu.

“Àkúdàáyà ni,” ó ní. “Pa á. Pa kọ̀ǹpútà yẹn.”

“Mummy, mèṣíìnì lè ṣe àṣìṣe.”

“Mèṣíìnì ò ṣe àṣìṣe. Obìnrin yìí ń kú níbi kan, ó ń lọ gbé níbòmíràn. Irú wọn pọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi bá ọ̀kan ṣòwò aṣọ ọdún mẹ́ta ní Ṣakí kó tó mọ̀.”

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dénú. Ìwọ náà mọ bó ṣe ń rí, ohun tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà ọ́ ní kékeré kì í lọ, ó kàn ń jókòó síbi kan ni. Mo pa kọ̀ǹpútà náà.

Ó ṣeé ṣe kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣà wa ni pé bí ọdún ìrántí ẹnì kan bá ń bọ̀, èmi ni mo máa ń pe ẹbí. Kò sì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí mo fi rí i pé ọ̀kan nínú àwọn méje ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ọdún kẹwàá rẹ̀. Mo pè wọ́n. Ọmọbìnrin olóògbé náà fúnra rẹ̀ ló wá. Tíṣà ni ní ilé ìwé girama kan, yóò ti tó ọmọ ogójì ọdún, ó jẹ́jẹ́, ó sì wọ bàtà tó mọ́. Mo ṣí fọ́tò náà fún un. Ojú rẹ̀ rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó na ìka, ó fi kan àgbọ̀n obìnrin náà lójú kọ̀ǹpútà.

“Màmá mi,” ó ní. “Ẹ rí àpá yìí? Èmi ni mo fà á. Ẹ̀yìn wọn ni mo wà nígbà tí wọ́n yọ̀ létí kànga. Abọ́ tánganran tó wà lórí wọn ló gbá wọn lágbọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ bo gbogbo àyà wọn, síbẹ̀ wọn ò jẹ́ kí n já bọ́.”

“Ẹ rántí ẹ̀ fúnra yín, Mà?” ni mo bi í.

“Mo máa ń lá àlá ẹ̀,” ó ní. “Ó tó bíi kí n rántí ẹ̀.”

Mo bá a tẹ káléńdà tó fẹ́. Ó dúpẹ́, ó lọ. Mo jókòó, irun apá mi sì dìde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo tún wo àwọn fáìlì méje náà, mo rí ohun kan tí n kò wò tẹ́lẹ̀: méjèèje ló ti ọwọ́ Ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ jáde, láti inú yàrá kékeré tó ti máa ń dá ṣiṣẹ́ kí àìsàn tó mú un.

Ní Sátidé, mo lọ sí Magodo. Gétì méjì ni mo là kọjá, wọ́n kọ orúkọ mi sílẹ̀ níbi méjèèjì. Ọ̀gá jókòó sí bàlíkónì, aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀, Aunty ń gé èso fún un. Mo gbé ìwé tí mo tẹ ojú náà sí lé e lẹ́sẹ̀. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé e sún mọ́ ojú. Mo rò pé kò rí i dáadáa.

“Ọkùnrin kan ló kọ́kọ́ wá,” ó ní. “Ìyá rẹ̀ ti kú, wọn ò sì ya fọ́tò rí láyé wọn. Kò sí ọ̀kan. Ó ń sunkún bí ọmọdé. Ó ní ìtìjú ni kí gbogbo ayé wá sin ìyá òun, kó má rí ojú tó máa wò. Mo ní àwọn fọ́tò kan nínú àpótí, ti àwọn tó yà á tí wọn ò padà wá gbà á. Mo tẹ́ bíi mẹ́wàá sílẹ̀, mo ní kó yan èyí tó bá jọ. Ó mú obìnrin yìí. Mo bá a wé gèlè mìíràn, mo kọ ilà sí i lójú. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi.”

“Àwọn yòókù ńkọ́, Daddy?” Aunty ti gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

“Àwọn yòókù náà wá. Mi ò fún ẹnikẹ́ni ní ojú yẹn, ẹ gbọ́ mi o. Gbogbo ìgbà ni mo máa ń tẹ́ mẹ́wàá sílẹ̀. Òun ni wọ́n ń mú. Wọn ò mọ ara wọn. Ẹni ìkẹta ti mú un kí ẹ̀rù tó bà mí, mo bá fi sí ìsàlẹ̀ pátápátá nígbà tí ẹni ìkẹrin dé. Ó wá a jáde níbẹ̀.”

Afẹ́fẹ́ kò fẹ́ ní bàlíkónì náà. Mo sọ ọ̀rọ̀ tíṣà náà fún un, pé ó ní òun wà lẹ́yìn ìyá òun lọ́jọ́ tí àpá yẹn wáyé. Ọ̀gá ní ẹ̀gbọ́n tíṣà náà ọkùnrin ló wá ṣètò ìsìnkú nígbà yẹn. Tíṣà náà wà ní òkè Ọya, kò dé títí wọ́n fi sin ìyá. Fọ́tò yẹn ló bá nílé. Mo bi í bóyá òun ló sọ ìtàn àpá náà fún wọn. Ó ní òun ò mọ ìtàn kankan nípa àpá náà. Obìnrin tó ni ín ya fọ́tò, ó sanwó, ó lọ. Orí àpòòwé tí òun kó o sí nìkan ni orúkọ obìnrin náà wà, àti Àgbóyì, ìlú etí omi lẹ́yìn Kétu, tí òun kọ sísàlẹ̀.

Aunty tẹ̀ lé mi dé gétì. “Pa wọ́n rẹ́,” ó ní. “Gbogbo méjèèje. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń ta ìyá ayédèrú fún ọmọ, ta ló tún máa gbé òkú ẹ̀ wá fún un?”

Mo mọ̀ pé ó ní ẹ̀tọ́ láti bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n mo rántí ọkùnrin Ìṣẹ́rí yẹn lórí àga. Mo ní, “Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan, Aunty.”

Mummy ló bá mi lọ sí Àgbóyì. Ó ní òun ò ní jẹ́ kí n dá lọ, àmọ́ bí a bá rí obìnrin náà, òun ò ní bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọkọ̀ ojú omi tó ní ẹ́ńjìnnì ni a wọ̀. Omi náà dúdú, ó sì dákẹ́, òṣíbàtà ń léfòó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, níwájú lọ́hùn-ún àwọn tó ń wa yanrìn dúró sínú omi dé ọrùn, débi pé orí wọn nìkan lò ń rí. Mo fi fọ́tò náà han atukọ̀ lórí fóònù mi. Ó wò ó, ó sì pa ẹ́ńjìnnì. A kàn ń lọ bẹ́ẹ̀ láìsí ariwo.

“Ẹ gbé fóònù yẹn sápò,” ó ní. “Ìyá yẹn ti kú. Etí omi lọ́hùn-ún ni wọ́n ń gbé.”

Mummy dì mọ́ apá mi. Mo ní, “Bọ̀dá, èwo ni ká mú níbẹ̀?”

“Méjèèjì ni. Àwọn ará ibí rí pósítà wọn lára ògiri ní Kétu. Èmi náà fojú ara mi rí i. Nígbà tí a padà délé, a bá ìyá yẹn, wọ́n ń yan ẹja.”

Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn pé nǹkan tí a ṣe kò dúró sínú kọ̀ǹpútà. Ó ti jáde lọ bá ẹnì kan.

Ilé pákó lórí òpó ni ilé rẹ̀, ó wà lápá ọ̀tọ̀ sí ti àwọn yòókù. Èéfín ẹja ń rọra jáde lábẹ́ rẹ̀. Obìnrin náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ti darúgbó, irun rẹ̀ funfun, ṣùgbọ́n nígbà tó gbójú sókè, ìpéǹpéjú òsì yẹn wálẹ̀. Àpá wà lágbọ̀n rẹ̀. Mo ti rí ojú náà nínú ikú títí, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí i láàyè. Mo kúnlẹ̀. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pa mọ́, láti orí fọ́tò tí kò padà gbà.

Ó gbọ́ mi tán. Ó ní ọkọ òun ló kú lọ́sẹ̀ tí òun ya fọ́tò yẹn, ìdí tí òun kò fi padà nìyẹn. Ó ní nígbà kan, òun gbé ẹja lọ sí Mile 12, obìnrin tó ti ń ra ẹja lọ́wọ́ òun láti ọdún pípẹ́ ju owó sílẹ̀, ó ń sáré. Lẹ́yìn náà àwọn oníbàárà kì í gba ṣéńjì lọ́wọ́ òun mọ́. Wọ́n á ní kí òun gbé e sílẹ̀. Lẹ́yìn náà wọn kò rà mọ́. Àwọn ọmọ ibí ń sá bí òun bá kọjá.

“Ìgbà míràn,” ó ní, “mo máa ń fọwọ́ kan ara mi láti mọ̀.”

Èmi ni mo sunkún. Òun kò sunkún. Ó ní, “Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti kú?”

“Ẹ̀ẹ̀meje, Mà.”

“Ṣé wọ́n sunkún? Àwọn ọmọ yẹn?”

“Wọ́n sunkún, Mà. Wọ́n ṣì ń ṣe ìrántí yín lọ́dọọdún.”

Ó mi orí, ó ń wo omi. Lẹ́yìn náà ló fi ìka gbo àgbọ̀n rẹ̀, láìjẹ́ pé mo bi í, ó ní, “Àti àpá mi náà ni wọ́n gbé lọ. Létí kànga ni mo ti gbà á. Abọ́ tánganran ni. Ọmọ mi wà lẹ́yìn mi lọ́jọ́ yẹn, mi ò jẹ́ kó ṣubú. Obìnrin ni. Ibà ló padà mú un, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Òun nìkan ni mo bí.”

Ọ̀rọ̀ tíṣà yẹn ti dé ètè mi. Mummy fún ọwọ́ mi mọ́ra, ó fún un tó bẹ́ẹ̀ tí èékánná rẹ̀ wọ ara mi lọ. Mo pa ẹnu dé.

Mo wá bi ìyá náà ohun tí ó fẹ́ kí a ṣe. Mo ní bó bá sọ pé kí a pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, a ó pa á rẹ́. Ó rò ó. “Kí ni wọ́n á máa wò bí ẹ bá gbà á lọ́wọ́ wọn?” ó ní. “Ojú àtijọ́ yẹn, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Mo fún wọn. Ó ti kúrò lára mi. Ṣùgbọ́n ẹ ya ojú tí mo ní báyìí, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ bí ẹ ṣe tẹ ti òkú, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ síbi tí ẹ lẹ ti òkú mọ́. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo wà láàyè. Pé mò ń ta ẹja.”

Mo yà á níbẹ̀, nínú ìmọ́lẹ̀ omi. Mo sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù, níbi tó ti tún sọ pé òun fún wọn. Nígbà tí Aunty gbọ́ ohùn náà, ó ní kí n tún gbé e sí i. Ó wá kọ ẹ̀yìn sí mi, ó dúró sójú fèrèsé, ó ní, “Fi wọ́n sílẹ̀. Èwo lo wá mú nínú sọ́fúwíà méjèèjì?”

Èyí tó burẹ́wà ni mo mú. Èkíní kò ní àyè fún irú ọ̀rọ̀ yìí. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ nìkan ló mọ̀, ìdáhùn méjèèjì sì jẹ́ irọ́. Nínú èkejì, mo jẹ́ kí àwọn ìyá méje náà wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, oníkálukú pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Mo wá kọ ọ́ sínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan, níbi tí àwa tí ń tọ́jú rẹ̀ nìkan ti lè kà á, pé ojú yìí jẹ́ ti obìnrin kan ní Àgbóyì, orúkọ rẹ̀ rèé, kò tíì kú nígbà tí a lò ó, ó sì fi í tọrẹ nígbà tó mọ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn tó ni èkíní kọ̀wé pé àwọn ti ta ilé iṣẹ́ àwọn, kí oníkálukú wá kó ẹrù rẹ̀. Aunty gbé lẹ́tà náà síwájú mi.

A tẹ pósítà náà. Mi ò tíì tẹ irú rẹ̀ rí, mi ò sì tún tẹ irú rẹ̀ mọ́. A lẹ̀ ẹ́ sí èbúté ibi tí ọkọ̀ Àgbóyì ti ń gbéra, a lẹ̀ ẹ́ káàkiri Kétu dé Mile 12. Àwọn èèyàn ń dúró kà á, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn ń súre. Kò tó oṣù kan, Mummy gun àtẹ̀gùn wa wá pẹ̀lú ẹja nínú ọ̀rá. Ó ní òun rà á lọ́wọ́ ìyá náà lójú ọjà. Ó ní òun gba ṣéńjì. “Láti ọwọ́ sí ọwọ́,” ó ní, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè kí n lè rí i.

Mo ti kúrò níbẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwọn fọ́tò yẹn wà, àti ohun tí mo kọ sínú wọn, wọn yóò sì pẹ́ jù mí lọ. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ohun tí mo rò pé mò ń wá ni ibi tí àwòrán ò ti ní bàjẹ́. Ó wá yé mi pé irọ́ náà lè pẹ́ níbẹ̀ bíi ti òótọ́, kọ̀ǹpútà ò mọ èwo ni èwo, pé ẹni tó bá kọ ọ̀rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú èèyàn, ó ti gbé ẹrù kan tí kò ní sọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mi ò kọ. Ọmọ kan wà tó ń lá àlá kànga, ìyá kan sì wà tó mọ kànga ọ̀hún, omi díẹ̀ ló wà láàárín wọn, mo sì mọ àwọn méjèèjì. Ìgbà míràn mo máa ń rò pé mo dáàbò bò wọ́n ni. Ìgbà míràn, pàápàá bí ọyẹ́ bá mú, mo máa ń rò pé mo gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn ni. Mi ò rí àyè tó yẹ ọ̀rọ̀ náà nínú sọ́fúwíà kankan. Ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́ fún.